Agbára ìrìn àti agbára àfipamọ́: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí l'Abẹ́òkúta

Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní físíìsì nírọ̀lẹ́, ní léṣìn, l'Abẹ́òkúta níbí. Nínú gbogbo orí tó wà nínú ìwé wọn, èyí tí wọ́n ń bi mí léèrè jù lọ ni ti agbára ìrìn àti agbára àfipamọ́, àwọn tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní kinetic energy àti potential energy. Kì í sì í ṣe àwọn ọmọ nìkan. Òbí tó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní òun náà ní ìbéèrè kan. Ọlọ́kadà tó ń gbé mi lọ sílé ti bèèrè tiẹ̀ rí. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn lójúkojú.

Kí ni agbára gan-an? Ṣé bí a ṣe ń sọ pé ọkùnrin kan lágbára náà ni?

Ó jọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí, "agbára", ohun mẹ́ta tí físíìsì yà sọ́tọ̀ ni àwa ń fi pè. Èkíní ni títì àti fífà, èyí tí mo máa ń pè ní ipá kó má bàa dà wá lójú rú. Èkejì ni bí iṣẹ́ ṣe ń yá tó. Ẹ̀kẹta ni ohun tó wà lára nǹkan tí nǹkan náà fi lè ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta yìí là ń sọ.

Iṣẹ́ náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀ níbí: kí ipá mú kí nǹkan kúrò níbi tó wà. Ẹ ti ògiri títí òógùn fi bò yín, bí ògiri kò bá sún, ẹ kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan lára ògiri náà. Àwọn ọmọ kì í fẹ́ gba èyí lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

Kí ló wá yà agbára ìrìn sọ́tọ̀ lára agbára àfipamọ́?

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lu aṣọ. Ẹni tó bá mọ ọjà Ìtòkú mọ̀ pé àdìrẹ tó bá ń dán gbinrin, kì í ṣe aró nìkan ló dán an, wọ́n lù ú ni. Wọ́n á ká aṣọ náà lé orí ìtì igi tó tẹ́jú, alùṣọ á gbé kùmọ̀ igi sókè kọjá èjìká, á sì jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ lé e.

Ẹ wo kùmọ̀ yẹn dáadáa. Nígbà tó wà lókè pátápátá, ìdákẹ́jẹ́ kan wà níbẹ̀, bí ìgbà téèyàn ṣẹ́jú. Kùmọ̀ kò lọ sókè, kò sì tíì máa bọ̀ nílẹ̀. Kò sí eré kankan lára rẹ̀. Àmọ́ ta ni yóò gbé orí sábẹ́ rẹ̀? Kò sí, nítorí gbogbo wa mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ yẹn ni agbára àfipamọ́: apá alùṣọ ló fi í pamọ́ síbẹ̀ nígbà tó ń gbé e lọ sókè. Bí kùmọ̀ ṣe ń sọ̀, bẹ́ẹ̀ ni gíga rẹ̀ ń dín, bẹ́ẹ̀ ni eré rẹ̀ ń pọ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó kan aṣọ, gíga ti tán, eré ló kù. Ìyẹn ni agbára ìrìn. Gbì! Agbára náà wọ inú aṣọ, ó tẹ́ fọ́nrán òwú pẹrẹsẹ, díẹ̀ nínú rẹ̀ di ariwo tí ẹ gbọ́, èyí tó kù di ooru. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Báwo la ṣe ń ṣírò wọn?

Agbára àfipamọ́ ti ibi gíga jẹ́ m × g × h. Lẹ́tà m ni ìwọ̀n nǹkan náà ní kílò, h ni bó ṣe ga tó ní mítà, g sì ni bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan mọ́ra. Iye g sún mọ́ 9.8, àmọ́ nínú ìdánwò wọ́n sábà máa ń ní kẹ́ ẹ lo 10.

Agbára ìrìn jẹ́ ½ × m × v². Lẹ́tà v ni eré, iye mítà tí nǹkan náà ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nọ́ńbà 2 kékeré tó wà lórí v yẹn sọ pé ká mú eré lọ́nà eré: bó bá jẹ́ 10, yóò di 100.

Joule la fi ń wọn méjèèjì. Ẹ fi àpò sìmẹ́ńtì kan ṣe àpẹẹrẹ, kílò 50. Kí lébìrà tó gbé e dé orí dẹ́kìn tó ga ní mítà 3, ó ti fi 50 × 10 × 3 pamọ́ sínú rẹ̀, ìyẹn joule 1,500. Bó bá tún sọ̀kalẹ̀ wá gbé òmíràn, 1,500 mìíràn nìyẹn. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dúnàádúrà pẹ̀lú àwọn tó ń gbé sìmẹ́ńtì gun òkè, ẹ rántí ìṣirò yìí o.

Kí ló dé tó jẹ́ pé eré lọ́nà eré ni? Kí ló dé tí kì í ṣe eré nìkan?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù gan-an jà lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan ní bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára náà di ìlọ́po méjì, ó parí. Leibniz, ará Jámánì, ní rárá, ìlọ́po mẹ́rin ni yóò dì.

Ohun tó là wọ́n kò ju amọ̀ lọ. Ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan, Willem 's Gravesande, ń ju ọta idẹ roboto sínú amọ̀ rírọ̀ láti oríṣiríṣi gíga, ó sì ń wọn ihò tó dá. Nígbà tí ọta náà bá fi eré ìlọ́po méjì balẹ̀, ihò náà kì í jìn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń jìn. Obìnrin ará Faransé kan, Émilie du Châtelet, tí wọ́n bí ní 1706, rí bí èyí ti ṣe pàtàkì tó. Ó gbé e sínú ìwé físíìsì tó tẹ̀ jáde ní 1740, ó sì dúró gbọn-in lórí rẹ̀ níwájú àwọn ọkùnrin tí orúkọ wọn ń dún. Òun náà ló túmọ̀ ìwé ńlá Newton sí èdè Faransé. Ó kú ní 1749, ìtumọ̀ náà jáde ní odindi ní 1759, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Mo máa ń sọ ìtàn yìí ní kíláàsì mi lọ́dọọdún. Mo ti rí ọmọbìnrin tó ti pinnu pé físíìsì kì í ṣe tòun, tó gbé orí sókè nígbà tó gbọ́ ọ.

Ẹ lè ṣe é nílé. Ẹ po amọ̀ tó rọ̀ sínú ike fífẹ̀. Ẹ wá ọta irin roboto, irú èyí tó ń jáde lára bẹ́ríìnì àwọn mẹkáníìkì. Ẹ jẹ́ kó já bọ́ láti gíga sẹ̀ǹtímítà 25, kẹ́ ẹ wọn ihò rẹ̀ pẹ̀lú igi ìṣáná. Lẹ́yìn náà kó já bọ́ láti mítà kan. Gíga kejì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́, eré tí ọta náà fi balẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì péré, ihò náà yóò sì súnmọ́ ìlọ́po mẹ́rin. Bí amọ̀ yín bá ní òkúta nínú, kò ní tọ̀nà. Ẹ sẹ́ ẹ kẹ́ ẹ tó lò ó.

Gíga, láti ibo la ti ń wọ̀n ọ́n? Wọ́n ní Olúmọ ga tó mítà 137. Ṣé 137 yẹn ni h?

Mítà 137 yẹn, láti ìtẹ́jú òkun ni wọ́n ti kà á. Ẹni tó dúró níwájú géètì Olúmọ ti ga ju òkun lọ tẹ́lẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Nítorí náà, bí òkúta kékeré kan bá yẹ̀ lórí àpáta náà, tó sì balẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àpáta, gíga tó já yẹn nìkan ni h.

Ẹ̀yin lẹ ó yan ibi tẹ́ ẹ máa pè ní òdo. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó lè jẹ́ orí tábìlì, ó lè jẹ́ ìsàlẹ̀ kànga. Èyí tẹ́ ẹ bá yàn, ẹ má yí i padà láàárín ìṣirò kan náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù máàkì.

Ṣé ẹni tó fi ẹsẹ̀ gun òkè àti ẹni tó wọ ẹ̀rọ gbéniròkè ní agbára àfipamọ́ kan náà?

Bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni. Agbára yìí kò bèèrè ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà débẹ̀.

Ọmọ mi ń gun ọ̀kadà. Ó ní eré 72 kò ju ìlọ́po méjì 36 lọ, nítorí náà ewu rẹ̀ náà kò ju ìlọ́po méjì lọ. Ṣé òótọ́ ló sọ?

Kì í ṣe òótọ́, màmá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ jọ ka èyí.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kadà, ẹni tó gùn ún àti èrò kan sí kílò 250 lápapọ̀. Kìlómítà 36 ní wákàtí kan, mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Agbára ìrìn wọn: ½ × 250 × 100, joule 12,500. Kìlómítà 72 jẹ́ mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá: ½ × 250 × 400, joule 50,000. Ìlọ́po mẹ́rin.

Bí ìṣirò yìí kò bá wọ̀ ọ́ lára, ẹ sọ ọ́ di gíga fún un. Ẹni tó já bọ́ láti mítà 5, bí orí òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré, eré mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá ni yóò fi balẹ̀. Ìyẹn ni kìlómítà 36 yẹn. Kéèyàn tó fi eré 72 balẹ̀, àfi kó já bọ́ láti mítà 20. Ilé alájà mẹ́fà nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò dúró sí etí òrùlé ilé alájà mẹ́fà láìsí ohun tó dì mú, àmọ́ ojoojúmọ́ là ń jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà tó ń sá eré yẹn, láìdé akoto, tí foonù wà lọ́wọ́ wa.

Ti búrẹ́kì náà ńkọ́? Bí búrẹ́kì rẹ̀ bá lè dá a dúró láàárín mítà 10 nígbà tó ń sá 36, mítà 40 ni yóò nílò nígbà tó bá ń sá 72. Mi ò tíì ka ìgbà tí ojú rí ewu kí ẹsẹ̀ tó tẹ búrẹ́kì. Bí ìyẹn bá gba ìṣẹ́jú àáyá kan, mítà 20 mìíràn ti lọ. Ọgọ́ta mítà, fún ewúrẹ́ tó ṣàdédé yọ ní Pánṣẹ́kẹ́!

Ohun kan náà ni mo ń sọ fún àwọn tó máa ń sáré gba orí irin kọjá nítòsí Láfẹ́nwá nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀. Dírẹ́bà rẹ̀ lè rí yín, kó sì tẹ búrẹ́kì lójú ẹsẹ̀. Ìwọ̀n ọkọ̀ yẹn pọ̀ jù kó tó lè dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Mo máa ń pa ẹ́ńjìnì tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí n lè tọ́jú epo. Ṣé ó burú ni?

Ìlú olókè ni tiwa, mo mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń ṣe é. Nígbà tẹ́ ẹ ń gun òkè, epo tẹ́ ẹ jó ló ra gíga yẹn fún yín. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀, gíga náà ń padà di eré, ẹ sì rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ó léwu o. Ẹ ronú ibi tí agbára náà máa gbà jáde. Bí ọ̀kadà bá wà nínú jíà kejì, ẹ́ńjìnì á máa di í mú, á máa jẹ lára agbára yẹn díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi sí fírìì, búrẹ́kì nìkan ló kù láti sọ gbogbo rẹ̀ di ooru. Búrẹ́kì tó bá gbóná jù kì í mú mọ́.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. A ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Láfẹ́nwá, ẹni tó gbé mi ti pa ẹ́ńjìnì, atẹ́gùn ń fẹ́ sí wa lójú, ó dùn mọ́ wa. Ó tẹ búrẹ́kì, okùn rẹ̀ já pàù. Mo gbọ́ ọ létí ara mi. Kò pariwo, ó kàn ní, "Bùrọ̀dá, ẹ dì mí mú." Òkìtì yanrìn tí àwọn tó ń kọ́lé dà sẹ́bàá ọ̀nà ló yà sí. Orúnkún mi bó, tirẹ̀ náà bó, a dìde. Bó bá jẹ́ ògiri ilé yẹn ló yà sí ńkọ́? Agbára ìrìn kan náà ni, àmọ́ yanrìn jẹ́ kó tán láàárín mítà kan àti ààbọ̀, ògiri ì bá fi ìdá díẹ̀ mítà gbà á lọ́wọ́ wa. Bí ọ̀nà tí agbára fi tán bá ṣe kúrú tó, bẹ́ẹ̀ ni ipá tó bá ara ṣe pọ̀ tó. Ohun tí fóòmù inú akoto ń ṣe fún orí náà nìyẹn.

Táǹkì omi mi wà lókè. Ṣé mo lè fi omi rẹ̀ mú iná wá sílé?

Ẹ lè gbìyànjú, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Táǹkì lítà 1,000, omi inú rẹ̀ jẹ́ kílò 1,000. Kí ó wà ní mítà 4: 1,000 × 10 × 4, joule 40,000. Ó dún lọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n yúnìtì iná kan ṣoṣo lára mítà yín jẹ́ joule 3,600,000. Gbogbo omi táǹkì yẹn, bẹ́ ẹ bá tú u pátá, tí ẹ̀rọ yín kò sì fi ẹyọ kan ṣòfò, gílóòbù wáàtì 10 kan ni yóò tàn fún nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 7. Ẹ ó sì tún fi iná fa omi padà sókè.

Ìdí nìyẹn tí ìsédò fi gbọ́dọ̀ tóbi. Ìsédò Ọ̀yán tó wà nítòsí wa, tí wọ́n ṣí ní 1983, lórí odò Ọ̀yán tó ń ṣàn wọ odò Ògùn, omi tó lè gbà tó mílíọ̀nù kúbíìkì mítà 270. Kúbíìkì mítà kan ṣoṣo jẹ́ táǹkì yín kan. Ara ibẹ̀ ni omi ẹ̀rọ Abẹ́òkúta àti ti Èkó ti ń wá. Ẹ bá mi ronú: bí kúbíìkì mítà kan bá já bọ́ ní mítà 20, joule 200,000 ni. Bí 10 irú rẹ̀ bá ń já ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, mẹ́gáwáàtì 2 nìyẹn kí a tó yọ èyí tó ṣòfò. Bí ìsédò Kainji náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn láti 1968. Omi lókè, omi nísàlẹ̀, ẹ̀rọ tó ń yí láàárín.

Ṣé ibi gíga nìkan ni agbára máa ń pamọ́ sí?

Ó tì o. Rọ́bà kátápọ́ọ̀tù tí ọmọ fà sẹ́yìn, agbára wà nínú rẹ̀. Sípíríìnì, bẹ́ẹ̀ náà. Epo bẹntiróòlù, bátìrì, àmàlà, gbogbo wọn ló ní àfipamọ́ tiwọn, àwọn wọ̀nyí sì pọ̀ ju ti gíga lọ púpọ̀púpọ̀. Gíráàmù ṣúgà kan ní nǹkan bíi joule 17,000. Ẹni tó wọn kílò 60, tó gun òkè mítà 50, joule 30,000 ló fi kún agbára àfipamọ́ rẹ̀. Ṣúgà gíráàmù 2 tó o! Àmọ́ iṣan ara wa kò lè lo ju nǹkan bí ìdámẹ́rin lọ fún iṣẹ́, èyí tó kù di ooru. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń làágùn. Ẹ sọ ọ́ di gíráàmù 7 tàbí 8. Síbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun Olúmọ nítorí àtifọn, ẹ rí i pé igò mínírà kan lẹ́yìn rẹ̀ ti borí gbogbo rẹ̀.

Ṣé agbára máa ń tán?

Kì í tán, ó ń pààrọ̀ ilé ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò yé àwọn èèyàn, nítorí wọ́n ń rí i pé nǹkan tó ń yí á dúró, wọ́n rò pé agbára rẹ̀ ti kú. Ní àwọn ọdún 1840, James Prescott Joule, ọmọ apọtí ará Ìlú Ọba, so ìwọ̀n wíwúwo mọ́ okùn, ó jẹ́ kó máa sọ̀kalẹ̀, okùn náà sì ń yí àjẹ̀ kékeré nínú ìgò omi. Omi náà gbóná díẹ̀. Bó ti wù kó tún un ṣe tó, iye ooru kan náà ló ń rí fún iye iṣẹ́ kan náà. Orúkọ rẹ̀ la fi ń pe òṣùwọ̀n yìí títí dòní.

Jangolófà tí ẹnikẹ́ni kò tì mọ́, kí ló dé tó fi ń dúró?

Atẹ́gùn àti ibi tí okùn ti ń ha igi lókè ló ń jẹ agbára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sì ní ga ju ibi tẹ́ ẹ ti jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ láé, nítorí kò sí ibi tó ti lè rí agbára kún tirẹ̀. Mo máa ń fi garawa tí wọ́n so rọ̀ dá a hàn ní kíláàsì: mo fà á wá títí ó fi kan imú mi, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, mo dúró síbẹ̀ láìmira. Ó ń padà bọ̀, àwọn ọmọ ń pariwo, kò kàn mí. Ẹ má ṣe tì í o, ẹ kàn jọ̀wọ́ rẹ̀ ni.

Ṣé agbára ìrìn lè wà nísàlẹ̀ òdo?

Rárá. Eré lọ́nà eré kò lè di òdì láé, ibi yòówù kí nǹkan dojú kọ. Agbára àfipamọ́ lè wà nísàlẹ̀ òdo: bó bá jẹ́ ẹnu kànga lẹ pè ní òdo, garawa tó wà nínú kànga ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ fún wa ní ìbéèrè kan tó jọ ti ìdánwò.

Àgbọn kan tó wọn kílò 2 já bọ́ láti orí igi tó ga ní mítà 20. Ẹ lo g = 10, ẹ má ka ti atẹ́gùn. Eré wo ló fi balẹ̀?

Lókè: 2 × 10 × 20 = joule 400, gbogbo rẹ̀ jẹ́ àfipamọ́. Nísàlẹ̀, 400 yẹn ti di agbára ìrìn: ½ × 2 × v² = 400, v² = 400, v = mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ wá fi kílò 5 rọ́pò kílò 2, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Eré náà kò ní yí padà, ìwọ̀n á kàn pa ara rẹ̀ rẹ́ ní apá méjèèjì ni. Ẹni tó bá rí ìyẹn fúnra rẹ̀ lórí ìwé ti gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí yé.